Ife Bọ́ọ̀lù àti Ọ̀pá Àṣẹ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ìjọ ní Òkìtìpupa

Àwọn kan bi mí léèrè pé kí ni ó kan àlùfáà nínú ọ̀ràn bọ́ọ̀lù àti ti ìjọba. Èsì mi kò gùn: ohun tí ó bá ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, tí ó sì ń pa wọ́n lẹ́kún, ó kan olùṣọ́-àgùntàn wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan. M. K. O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, fẹ́ràn eré bọ́ọ̀lù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi owó ara rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Abiola Babes, tí ó gba ife Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993, ọkùnrin yìí kan náà du ipò Ààrẹ Nàìjíríà, àwa ará Oǹdó sì wà lára àwọn tí ó dìbò fún un lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé ìdìbò náà.

Níhìn-ín ni Amẹ́ríkà wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Ní oṣù kejìlá 1993, Ààrẹ Bill Clinton pàṣẹ pé kí àwọn tí ń dí ọ̀nà ìjọba alágbádá ní Nàìjíríà má ṣe wọ ilẹ̀ òun. Ní ọdún kejì ìdíje Ife Àgbáyé bọ́ sí Amẹ́ríkà, ìgbà àkọ́kọ́ sì ni tí Nàìjíríà yóò dé ibẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà ni: a tì í mọ́ àwọn alágbára, a sì ṣí i fún àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ kíyèsí bí ọjọ́ ti tẹ̀ lé ara wọn ní 1994. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Èkó. Ní ọjọ́ 21, ní Dallas, Rashidi Yẹkínì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé; ó di àwọ̀n mú, ó ń ké, a sì fi 3 sí 0 borí Bùlùgéríà. Ní ọjọ́ 23 ni a mú Abíọ́lá. Ní ọjọ́ 25, Ajẹntínà fi 2 sí 1 borí wa. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìdìbò náà. Ní ọjọ́ kejì, Ítálì lé wa kúrò nínú ìdíje.

Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Mo pariwo góòlù Yẹkínì títí ohùn mi fi há. Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ti mú Abíọ́lá, n kò sọ nǹkan kan. Eré Ajẹntínà ni ó wà lọ́kàn mi. Ojú ń tì mí títí di òní.

Àwọn alákòóso kò gbàgbé agbára bọ́ọ̀lù bí àwa ti gbàgbé. Nígbà tí a pokùn so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, Amẹ́ríkà pe aṣojú rẹ̀ padà sílé, Nelson Mandela sì bá Ọ̀gágun Sani Abacha wí. Abacha kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa lọ gbá ife Áfíríkà ti 1996 ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún náà, a yìnbọn pa Kudirat, aya Abíọ́lá, ní Èkó. Ní oṣù méjì lẹ́yìn èyí, ní ìlú Athens ní Georgia, àwọn ọmọ wa fi 3 sí 2 borí Ajẹntínà, wọ́n sì gba wúrà Olympics, irú èyí tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà kan kò tíì gbà rí. A jó. Abíọ́lá wà ní àtìmọ́lé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998, bí Ife Àgbáyé ti ń lọ lọ́wọ́ ní Faransé, àìsàn kọ lu Abíọ́lá níbi tí ó jókòó pẹ̀lú àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Thomas Pickering àti Susan Rice. Ó kú ní ọjọ́ náà. Ní 2019 ni a fi orúkọ rẹ̀ pe pápá ìṣeré ńlá Àbújá.

Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi kò wí pé ayọ̀ wa burú. Àwọn ọmọ náà ṣiṣẹ́ fún un, kò sì sí ọwọ́ ológun nínú góòlù Yẹkínì. Ṣùgbọ́n Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù so bíbá aláyọ̀ yọ̀ àti bíbá ẹlẹ́kún sọkún pọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo. Àwa mú ìdajì, a fi ìdajì sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ife mìíràn bá dé, ẹ fi etí kan gbọ́ fèrè pápá, kí ẹ sì fi èkejì gbọ́ ohùn ẹni tí a há mọ́.