Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Aṣòfin Ìpínlẹ̀ àti Ààbò Ìlú

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: aṣòfin ìpínlẹ̀ kò gbé ìbọn, kò sì láṣẹ lórí ọlọ́pàá kankan, síbẹ̀ ó lè dáàbò bo ìlú bí ó bá mọ̀ pé ìbéèrè ni ohun ìjà òun.

Ẹ jẹ́ ká wo ìrìnàjò Adébọ̀ Ògúndóyìn, Abẹnugan Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún 2018 ló wọlé láti Ìlà Oòrùn Ìbàràpá, nínú ìdìbò tí wọ́n fi rọ́pò olóògbé Michael Adéyẹmọ, tí òun náà jẹ́ Abẹnugan. Ní oṣù kẹfà 2019, àwọn aṣòfin ilé náà gbé e sípò Abẹnugan. Ní oṣù kìíní 2020, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ikọ̀ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn n'Ìbàdàn níbí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Mínísítà Ètò Ìdájọ́ nígbà náà, Abubakar Malami, fi kéde pé kò bófin mu. Kí ló wá fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀? Òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ni, tiwa náà, tí Ògúndóyìn ń darí, sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan lóru, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, wọ́n pààyàn, wọ́n sì dáná sun ààfin. Òfin ti wà nílẹ̀. Òfin nìkan kò tó. Ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ tọpa rẹ̀: ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́, owó wo ló dé ọwọ́ wọn, níbo ni àlàfo wà?

Àwọn kan á ní ọwọ́ Àbújá ni ààbò wà. Òótọ́ wà níbẹ̀: Ìwé Òfin 1999 fi ọlọ́pàá, ohun abúgbàmù àti ìwakùsà sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Bódìjà n'Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ìbúgbàmù wó ilé lulẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú ilé kan. Ohun abúgbàmù jẹ́ ti Àbújá, ṣùgbọ́n ilé ńkọ́? Àdúgbò ńkọ́? Ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú àti ilé kíkọ́ wà. Ohun tí wọ́n ń lo ilé fún, ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà kọjá l'Ágbowó, èrò tó ń wọ́ jọ ní Dùgbẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni aṣòfin wa lè béèrè. Abala 128 àti 129 fún ilé aṣòfin lágbára láti ṣèwádìí lórí ohun tó bá wà níkàáwọ́ rẹ̀, kí ó sì ránṣẹ́ pe ẹni tọ́ràn bá kàn láti wá jẹ́rìí.

Àwọn mìíràn á béèrè pé báwo ni aṣòfin ṣe máa bi gómìnà ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè. Èsì mi ni pé ìbéèrè kì í ṣe ọ̀tá. Aláṣẹ tí kò rẹ́ni bi í léèrè kì í mọ ibi tí ilé òun ti ń jò títí òjò á fi dé, Ìbàdàn sì mọ omíyalé tí òjò fà ní 1980 àti ní 2011.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ mú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ di kánjúkánjú. Kò lè wọ Ìwé Òfin láìjẹ́ pé ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 fọwọ́ sí i. Bí ìpínlẹ̀ bá wá ní ọlọ́pàá tirẹ̀ láìní aṣòfin tó ń bi í léèrè, ìbọn tó yẹ kó ṣọ́ wa lè yíjú sí wa. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ring Road àti Challenge, bí olùdíje bá tún wá tọrọ ìbò, ẹ má bi í nípa àpò ìrẹsì. Ẹ bi í pé: ìbéèrè wo lo máa béèrè nítorí ààbò wa, ta lo sì máa bi?