Ẹyẹ Aṣíkiri Nínú Ayé tó Ń Gbóná

N kò ní fi àlàyé ohun tí ẹ ti mọ̀ dá yín dúró. Ẹyẹ aṣíkiri ni èyí tó ń fi ibi tó ti ń pa ọmọ sílẹ̀ lọ́dọọdún lọ wá oúnjẹ níbòmíràn, tó sì tún ń padà. Lékèélékèé wà lára wọn. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń ti Yúróòpù wá náà wà lára wọn. Pé ayé ń gbóná sí i, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn tuntun létí yín. Ohun tí mo gbé wá ni pé àìlè-fò kọ́ ló ń pa àwọn ẹyẹ wọ̀nyí lára. Àkókò ló ń já wọn kulẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń jiyàn lórí èyí. Wọ́n ní ṣebí ẹyẹ ní ìyẹ́ apá, bí ibì kan bá gbóná jù fún un, kó gbéra lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì fara balẹ̀ wo ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní pied flycatcher. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ẹyẹ kékeré ni. Akọ rẹ̀ dúdú lẹ́yìn, ó funfun níkùn, àmì funfun sì wà níwájú orí rẹ̀. Gíráàmù bíi 12 ni ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí kò tíì sanra fún ìrìnàjò. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ló ti ń lo ìgbà òtútù àwọn Òyìnbó. Tó bá di ìgbà ìrúwé, yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, yóò sì lọ yé ẹyin nínú igbó Yúróòpù. Kòkòrò ajewé tó ń rá pálá lórí ewé igi oak tútù ló fi ń bọ́ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni kòkòrò yìí fi ń pọ̀. Bí ewé bá ti le, ó parí. Ẹyẹ tó bá pẹ́ dé dà bí àlejò tó dé òde àsè nígbà tí wọ́n ti ń fọ ìkòkò.

Lọ́dún 2001, Christiaan Both àti Marcel Visser tẹ iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Inú igbó Hoge Veluwe ní Nẹ́dálándì ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí wọ́n so àpótí onípákó mọ́ igi kí ẹyẹ lè máa yé sí i. Láàárín 1980 sí 2000, ẹyẹ yìí ti fi nǹkan bí ọjọ́ 10 yára yé ẹyin ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ń ti Áfíríkà dé kò yí padà. Àkókò tó yẹ kó fi sinmi lẹ́yìn ìrìnàjò ló ń gé kúrú, síbẹ̀ kòkòrò ti ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 2006, Both àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé níbi tí kòkòrò ti ń tètè pọ̀ jù lọ, iye ẹyẹ yìí ti fi nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín ogún ọdún.

Kí ló dé tí kò tètè gbéra? Nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa, ta ni yóò sọ fún un pé ewé ti rú ní Nẹ́dálándì? Eberhard Gwinner, ará Jámánì, sin irú ẹyẹ aṣíkiri bẹ́ẹ̀ sínú iyàrá tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn fún wákàtí 12, tí òkùnkùn sì ń ṣú fún 12, láìyí padà. Nígbà tí àsìkò ìrìnàjò tó, ara wọn kò balẹ̀ mọ́. Inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni aago tó ń sọ ìgbà ìrìnàjò fún wọn wà.

Àwọn alátakò mi yóò ní kí n rántí Niclas Jonzén. Mo rántí rẹ̀. Lọ́dún 2006, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn ẹyẹ tó ń ti ọ̀nà jíjìn ní Áfíríkà bọ̀ ti ń tètè dé Scandinavia àti erékùṣù Capri ní Ítálì, wọ́n sì ní àbímọ́ wọn ló ń yí padà. Wọ́n ti fi èyí gbá mi lẹ́nu mọ́ níbi àpérò kan rí, láìjẹ́ kí n fèsì. Èsì mi nìyí. Both ti dá wọn lóhùn lọ́dún 2007. Ẹyẹ lè tètè dé Capri láìjẹ́ pé ó tètè kúrò ní Áfíríkà. Bí ojú ọ̀nà bá dẹ̀, tí kòkòrò pọ̀ níbẹ̀, yóò tètè yó, yóò sì máa lọ. Kí wọ́n lọ wo ọjọ́ ìgbéra kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ àbímọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, a máa ń ta àwọ̀n láàárín igi ní ìdájí láti fi mú ẹyẹ. Ọ̀gá mi á gbé ẹyẹ kan lé ọwọ́ mi, á ní kí n fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìyẹ́ àyà rẹ̀. Ìyẹ́ á pínyà, ọ̀rá á sì hàn ní pupa rúsúrúsú lábẹ́ awọ ọ̀fun. Ọ̀rá yẹn ni epo tí yóò fi la Sàhárà. Ilẹ̀ wa ló ti rí i. Ó dùn mí pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi fóònù ya ẹyẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè ọjọ́ tí lékèélékèé kọ́kọ́ dé lọ́dún yìí, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ni àwọn ará Nẹ́dálándì fi mọ ohun tí wọ́n mọ̀.

Alága ìjókòó yìí ti fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí mi, n ó yára. Lóòótọ́, àwọn ẹyẹ kan ń rí ọ̀nà gbà. Ẹyẹ blackcap láti àárín gbùngbùn Yúróòpù ti ń lọ lo ìgbà òtútù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò gúúsù. Lọ́dún 1992, Peter Berthold fi hàn pé wọ́n ń jogún ọ̀nà tuntun yìí. Lọ́dún 2023, Koosje Lamers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn gbé abo pied flycatcher láti Nẹ́dálándì lọ sí Swídìn. Àwọn abo náà yé ẹyin ṣáájú àwọn onílé, ó sì ṣe ọmọ wọn láǹfààní. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló gbé wọn lọ.

Ti ẹyẹ aṣíkiri tí wọ́n ń pè ní red knot burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2016, Jan van Gils àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí yìnyín bá tètè yọ́ ní àríwá Rọ́ṣíà, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í dàgbà tó, ẹnu wọn sì ń kúrú. Bí wọ́n bá dé etíkun Mauritáníà, ẹnu wọn kì í kan ẹ̀dá oníkarawun tó wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀.

Òjò apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín náà kan àwọn ẹyẹ wọ̀nyí: ọ̀dá Sàhẹ́lì ló fà á tí iye ẹyẹ whitethroat tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1969 fi dín kù ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ sí tọdún tó ṣáájú. Ní ti ilẹ̀ wa gan-an, Elgood, Sharland àti Ward ti kọ nípa àwọn ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù wá sí Nàìjíríà sínú ìwé ìròyìn Ibis lọ́dún 1966. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ lọ kà á kí ẹ tó wá bi mí ní ìbéèrè.