Ìmúra Ọdẹ fún Ìgbẹ́ Àkọ́kọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdún ẹgbẹ́ wa ní Ìpakodò)

 

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé èṣí, akọ̀wé ka lẹ́tà kan tí ọmọ wa kan kọ láti Kánádà. Nínú lẹ́tà náà ni ó ti sọ fún wa pé òun fẹ́ dẹ ìgbẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun, àti pé ẹran tí òun fẹ́ lọ pa ni ewúrẹ́ orí òkè. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá wa kan tilẹ̀ bèèrè bóyá ebi ni ó ń pa ọmọ náà tí ó fi fẹ́ máa lé ewúrẹ́ kiri orí àpáta. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà ní ìparí lẹ́tà náà kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ó bèèrè bí àwọn àgbà wa ti ń múra ọmọdé sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó gbé ìbọn wọ inú igbó. Àwọn àgbà wo ojú ara wọn. Ìlú ẹ̀bá ọ̀sà ni ìlú wa, ọ̀rọ̀ àwọ̀n àti ọkọ̀ ojú omi yá wa lẹ́nu ju ọ̀rọ̀ ọdẹ lọ. Wọ́n ní kí tíṣà dáhùn, nítorí àwọn díẹ̀ nínú wọn mọ ohun tí ojú wa rí nígbà èwe wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ẹ̀rín kúrò nílẹ̀. Ewúrẹ́ tí ọmọ wa ń wí kì í ṣe irú èyí tí ń jẹ èèpo iṣu ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹranko ìgbẹ́ ni, ó sì jẹ́ pé àwọn òkè gíga ìhà ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ti Àríwá ni ilé rẹ̀, láti Alaska títí kan àwọn òkè Rocky. Irun rẹ̀ funfun, ìwo rẹ̀ dúdú. Akọ tí ó dàgbà lè wọn ju 100 kílò lọ. Ibi tí igi kì í hù mọ́ ni ó ń gbé, lórí àpáta tí ó dúró ṣánṣán bí ògiri ilé. Àtẹ́lẹ̀ pátákò rẹ̀ rọ̀, etí rẹ̀ sì le, èyí ni ó fi ń di òkúta mú. Àwọn onímọ̀ sọ pé kì í tilẹ̀ ṣe ewúrẹ́ gan-an, ìbátan ewúrẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣàdéédéé lọ pa á. Ní ẹkùn British Columbia, ẹni tí ó bá fẹ́ di ọdẹ ní láti kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tí yóò gba ìwé àṣẹ. Èyí dùn mọ́ wa nínú púpọ̀. Ìdánwò kò pa ènìyàn rí, ohun yòówù kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa wí.

Àwa náà ṣe ìdánwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni ó kọ́ wa ní ọdẹ. Oko rẹ̀ wà lọ́nà Ìmọ̀ta, nígbà tí igbó ṣì wà lọ́nà Ìmọ̀ta. Odindi ọdún kan ni a fi tẹ̀lé e kí ó tó jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan ìbọn. Àpò ni a ń gbé, àti àdá, àti omi. Ó kọ́ wa bí a ti ń rìn: kí a fi ọmọ-ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kí a tó sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀, kí ewé gbígbẹ má baà sọ̀rọ̀. Ó kọ́ wa ní afẹ́fẹ́. Eérú wà nínú àpò kékeré kan ní ìbàdí rẹ̀. Yóò bu díẹ̀, yóò jẹ́ kí ó dà sílẹ̀, yóò wo ibi tí ó fẹ́ sí, yóò sì yí ọ̀nà padà láìsọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ní ọjọ́ tí a bá ń lọ, a kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ olóòórùn dídùn wẹ̀. Ó ní ẹran kò nílò láti rí wa kí ó tó mọ̀ pé a ti dé.

Nígbà tí èso iyeyè bá ń já bọ́, abẹ́ igi rẹ̀ ni ó máa ń mú wa lọ, nítorí ẹtu fẹ́ràn èso tí ó bọ́ sílẹ̀. (Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn: ẹtu ni ẹran, ẹtù ni ẹyẹ, ẹ̀tù ni a ń rọ sínú ìbọn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò pàṣẹ ohun tí kò fẹ́ jẹ.) Níbẹ̀ ni a ó wo ẹsẹ̀ ẹran lórí ilẹ̀. Yóò bi wá bóyá kí ìrì tó sẹ̀ ni ó kọjá tàbí lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ó ń rìn tàbí ó ń sáré. Bí a bá wí pé ẹtu ni, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò fi dá wa lóhùn: "Báwo ni o ṣe mọ̀?"

Lẹ́yìn èyí ni ó kan orí ẹ̀gùn. Ẹni tí kò bá dẹ̀gùn rí lè rò pé ìsinmi ni. Láti ìrọ̀lẹ́ ni a ó ti gun orí igi, a ó jókòó lórí igi mẹ́ta tí a fi okùn dè pọ̀, ẹ̀fọn yóò máa jẹ wá, ikọ́ yóò máa gbọ̀n wá lọ́fun, a kò sì gbọdọ̀ mira. Ní alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, a sùn lọ. Kò bá wa wí. Ó kàn fi okùn so wá mọ́ igi ní alẹ́ kẹrin.

Nínú gbogbo ohun tí ó wí fún wa ní ọdún náà, ọ̀kan ni ó ń tún wí lemọ́lemọ́. Ní òru, bí ìmọ́lẹ̀ àtùpà iwájú orí bá bá ojú ẹran pàdé, ojú náà a máa dán bí ẹyin iná. Ó ní: "Ojú méjì tí ń dán kì í ṣe ẹran. Ojú ni. Dúró kí o rí ara."

Ní oṣù kejì ọdún 1986, a jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó gbé ìbọn ṣakabùlà lé wa lọ́wọ́, ó sì lọ jókòó sí abẹ́ igi mìíràn ní ìwọ̀n ogójì ìṣísẹ̀ sí wa. Àdéhùn wa ni pé bí a bá rí ohunkóhun, a ó súfèé lẹ́ẹ̀kan, a ó sì dúró de ìdáhùn rẹ̀. Òru ti jìn díẹ̀ nígbà tí ojú méjì dán nínú pápá tí ó wà níwájú wa. Ó ga níwọ̀n bí ẹtu ti ń ga. A kò súfèé. A rò nínú ọkàn wa bí a ó ti gbé ẹran wọ ìlú, àti bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò ti máa wò wá. A yìnbọn.

Igbe ewúrẹ́ ni a gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a gbọ́ igbe ènìyàn.

Ewúrẹ́ opó kan tí ó ń dáko nítòsí ibẹ̀ ni. Ó já okùn ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ obìnrin náà sì ti jáde wá a láìmú iná lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kékeré náà, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, dúró sí ẹ̀gbẹ́ igi ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ewúrẹ́ náà, okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohunkóhun kò ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa gba ìbọn lọ́wọ́ wa, ó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Kò bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀, ó mú wa padà sí ibi ọ̀pẹ náà. Ọta kan ti wọ inú igi náà, ní ìwọ̀n gíga àyà ọmọ náà gẹ́lẹ́. Ó ní kí a ti ìka bọ ojú ihò náà. A tì í bọ̀ ọ́.

Ó san owó ewúrẹ́. Àwa sì bá opó náà roko ní àsìkò ìgbìn méjì. Ó tó ọdún méjì kí a tó tún fi ọwọ́ kan ìbọn. Ọmọ ọjọ́ náà ti di bàbá ọlọ́mọ. Ó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí pẹ̀lú wa, ó sì ti fún wa láyè kí a tó dìde sọ̀rọ̀.

Ohun tí a kọ sí ọmọ wa ní Kánádà nìyí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí a kà nípa ẹran tí ó fẹ́ pa. A ní kí ó ti máa gun òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, nítorí ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dẹ ọdẹ kí ojú tó dẹ ẹ́. A ní kí ó mú nǹkan tí yóò fi wo afẹ́fẹ́, nítorí lórí òkè, afẹ́fẹ́ a máa gòkè bí oòrùn bá mú ilẹ̀ gbóná, a sì máa sọ̀kalẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń tutù lálẹ́. A ní kí ó wo ibi tí ẹran náà yóò ṣubú sí kí ó tó yìnbọn, kí ó má baà yí sínú ọ̀gbun tí ẹnikẹ́ni kò lè dé.

Ṣùgbọ́n ibi tí a tẹnu mọ́ jù lọ ni ọ̀rọ̀ akọ àti abo. Àwọn méjèèjì ni ó ní ìwo. Ìwo akọ nípọn nídìí, ó sì tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ti abo tínrín, ó ṣe tààrà, ó sì tẹ̀ lójijì lókè. Lójú ẹni tí ó jìnnà, ìyàtọ̀ yìí kò tó nǹkan. Abo kì í tètè bímọ, ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ni ìjọba fi ń rọ àwọn ọdẹ pé kí wọ́n fi abo sílẹ̀. A kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa sí i: dúró kí o rí ara.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ilé, a kò ní pẹ́ lórí tiyín. Ilé ti kún ibi tí igbó wà. Níbi tí a ti ń dẹ̀gùn, ojúlé àti ṣọ́ọ̀bù ni ó wà níbẹ̀ báyìí, ọta ìbọn kò sì mọ ògiri. Síbẹ̀ a ń gbọ́ ìró ìbọn lóru nígbà mìíràn. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀, ìwé àṣẹ ni a fi ń ní in, ìwé tí ó sì ní orúkọ bàbá tí ó ti kú kì í ṣe tìrẹ. Akika tí àwọn kan ṣì ń pa kiri ńkọ́? Ní 2016, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti fòfin de òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹni tí ọdẹ bá wà lẹ́jẹ̀ rẹ̀ lè lọ wo igbó Ọmọ ní Ìjẹ̀bú, tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925. Àwọn kan tí ó ti ṣe ọdẹ rí ni ó ń ṣọ́ erin níbẹ̀ nísinsìnyí. Ìmọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò: ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́, sùúrù.

Ọmọ wa tún kọ̀wé ní oṣù tí ó kọjá. Ó gun òkè náà fún ọjọ́ mẹ́ta, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó rí ọ̀kan, ó dá dúró lórí àpáta. Ó dojúbolẹ̀, ó ń fi awò wò ó fún nǹkan bí wákàtí kan, kò sì lè mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Àwòrán náà nìyí lọ́wọ́ wa. A ó gbé e ká láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ wo ìwo rẹ̀ dáadáa, kí ẹni tí ó bá dá a lójú sọ fún akọ̀wé, kí ó lè kọ ọ́ sí i.