Fláàṣì Tí Kì Í Béèrè Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa

 

Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àbójútó tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ fi ní láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Fláàṣì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ó yẹ kí á mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ tí àkọsílẹ̀ òfátáìmù wa wà nínú rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ènìyàn ní láti jókòó ti kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kí ó máa dá a lóhùn: èdè wo? orúkọ wo? inú dísíìkì wo? Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ogún, ìgbà ogún ni yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n a lè kọ gbogbo ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú fáìlì. Ti Windows, autounattend.xml ni orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Orí fláàṣì gan-an ni a ń gbé e sí, kì í ṣe inú fódà. Debian ń pe tirẹ̀ ní preseed, Red Hat ní Kickstart, Ubuntu ní autoinstall. Ó dà bí awakọ̀ tó ti gba àlàyé ọ̀nà tán ní gáréèjì, tí kò tún dúró béèrè ní ìkóríta. A ó tan ẹ̀rọ, a ó tẹ F12, tàbí F9 lára ẹ̀rọ mìíràn, a ó mú fláàṣì, ó parí.

Ẹ̀rọ tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ kò ní béèrè kí ó tó pa nǹkan rẹ́ pẹ̀lú. Bí fáìlì bá ti wí pé kí ó nu dísíìkì, yóò nù ún. Ubuntu ṣì máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan, àfi bí a bá kọ autoinstall sí ìlà tí ẹ̀rọ fi ń gbéra. Ẹ wá wò ó: wọ́n gbàgbé fláàṣì sára ẹ̀rọ tí a tò pé kí ó kọ́kọ́ wo fláàṣì. Iná lọ, iná dé. Wákàtí òru tí ẹ ṣe fún oṣù mẹ́ta lè bá a lọ. Ta ni yóò jẹ́rìí yín?

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè ni pé kí wọ́n da àkọsílẹ̀ kọ síbòmíràn ṣáájú, kí aṣojú òṣìṣẹ́ sì ṣí i wò lójú ara rẹ̀. Bákan náà, páswọ́ọ̀dù ọ̀gá ẹ̀rọ sábà máa ń wà nínú fáìlì yẹn. Bí Windows tilẹ̀ yí i padà, ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò tú u. Kí wọ́n má ṣe fi fláàṣì náà sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ti iṣẹ́ wa ńkọ́? Akọ̀wé kan yóò máa ṣe iṣẹ́ ènìyàn márùn-ún. Èmi kò bá ẹ̀rọ jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́ àwọn akọ̀wé wa bí a ti ń kọ fáìlì ìdáhùn, kì í ṣe bí a ti ń tẹ bọ́tìnnì nìkan.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀ka. Kí ó mú fláàṣì tó tó 8GB wá, èyí tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀, nítorí a ó nù ún mọ́ kí á tó bẹ̀rẹ̀.