Ìtọ́jú Kì Í Ṣe Ìbòmọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ òní wúwo díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè níbí pé irú dókítà wo ló máa jókòó ti ẹni tó ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, tí á ní òun ń tọ́jú rẹ̀? Inú bí yín, mi ò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n irú dókítà bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀kan ń jẹ́ Klaus Beier, ní ilé ìwòsàn Charité, ní Berlin, nílẹ̀ Jámánì. Ní 2005, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn tó mọ̀ pé ọkàn àwọn ń fà sí ọmọdé. Ọ̀fẹ́ ni, àṣírí ẹni tó bá wá kì í tú. Àwọn kan ò tíì fọwọ́ kan ọmọ rí, àwọn kan ti ṣe é tí ọwọ́ òfin ò tíì tó wọn.

Wọn kì í sọ fún wọn pé kò burú o. Wọ́n ń kọ́ wọn láti dá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ̀: irọ́ wo lò ń pa fún ara rẹ pé ọmọ yẹn fẹ́ ẹ? Ibo ni o ò gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ? Ẹni tó bá gbà, wọ́n lè fún un lóògùn tó ń dín ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ kù. Wọn ò ní ọkàn yẹn á yí padà pátápátá, wọ́n ní èèyàn lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Torí náà, ọmọ tẹ́nìkan ò tíì fọwọ́ kàn gan-an ni wọ́n ń tọ́jú.

Àwa ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà rántí ọkùnrin ọjà wa tó ṣe aburú pẹ̀lú ọmọ tó ń kiri piọ́ wọ́tà. A gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, a fún ìyá ọmọ, a ní kó kúrò ní Zaria. Èmi ni mo ka owó yẹn. Kò pẹ́, a gbọ́ pé ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù níbòmíràn, ó ti gba ọmọ iṣẹ́. A ò tọ́jú rẹ̀, a ò fà á fún ìjọba. Bí ẹni fi ẹrù sọ́kọ̀ la ṣe fi í ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ibẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 2020, Gómìnà El-Rufai fọwọ́ sí òfin Kaduna: ọkùnrin tó bá fipá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 lò pọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ìdájọ́ ikú sì ni. Torí pé ó le, àwọn kan á ní, "Ọmọ wa ni, ẹ bò ó." Òfin kì í ṣiṣẹ́ níbi tẹ́nu bá ti dí.

Bó bá ṣẹlẹ̀, Salama Centre wà ní ilé ìwòsàn Gambo Sawaba, Kofar Gayan. Ẹ má wẹ ọmọ náà, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti kọjá ọjọ́ 3, oògùn tó ń dènà HIV kò ní wúlò mọ́.

Bí ìwọ tó ń gbọ́ mi bá mọ̀ pé ọkàn rẹ ń fà sí ọmọdé, má gba ọmọ iṣẹ́ sọ́dọ̀. Lọ bá dókítà ọpọlọ ní Barnawa, ní Kaduna, kó tó di pé o ṣe é.

Láàárọ̀ yìí mo pe alága ọjà ibi tí ọkùnrin yẹn wà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ti yẹ kí n pè é tipẹ́. Láti òní, ẹgbẹ́ yìí ò ní ka owó irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó pè mí. Ire o.