Dókítà Tí Ó Tún Jẹ́ Olùṣèwádìí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ OPIC, nígbà kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ àwọn kan ń kú, ojú wọn ń ṣú, etí wọn sì ń di. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn kò fi mọ sórí oògùn nìkan. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó wádìí oúnjẹ wọn, ó sì nàka sí májèlé inú ẹ̀gẹ́. Ìwádìí náà jáde ní 1968.

Láti 1964 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń sanwó fún àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn àti ìwádìí ìjìnlẹ̀ pọ̀, bí ọdún mẹ́jọ gbáko. Níhìn-ín ńkọ́? Dókítà tí àwọn àbúrò ń retí owó-oṣù rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ráyè fún Ph.D.? Wákàfù ni Sultan Qalawun fi gbé ilé ìwòsàn rẹ̀ ró ní Káírò ní 1284. Mọ́sáláṣí nìkan kọ́ ni wákàfù wà fún. Ọmọ kan péré, ọdún mẹ́ta: ó ṣeé ṣe.