Oòrùn Ọ̀sán, Iná Òru

Kí n tó ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí ariwo tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Jẹnẹrétọ̀ ni. Òun ló ń gbé ohùn mi dé etí yín, ọ̀rọ̀ sólà ni mo sì wá sọ. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. N óò padà dé orí rẹ̀.

Òkè-Ògùn ni wọ́n ti tọ́ mi. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn abúlé wa ni ìyá mi àgbà ti máa ń sá iṣu èlùbọ́. Yóò ti bẹ iṣu, yóò ti bọ̀ ọ́ níwọ̀nba, yóò ti jẹ́ kó sùn nínú omi rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tẹ́ ẹ sórí àpáta lẹ́yọ lẹ́yọ, kò ní jẹ́ kí ọ̀kan gun orí èkejì. Àwa ọmọdé là ń ṣọ́ ewúrẹ́, àwa náà là ń ṣọ́ òjò. Tó bá di ọjọ́ mélòó kan, á mú ẹyọ méjì, á kàn wọ́n mọ́ra lẹ́bàá etí. Bí wọn kò bá tíì dún bó ṣe fẹ́, wọ́n tún di ti oòrùn nìyẹn, nítorí gbódó tó bá wọ àpò pẹ̀lú omi lára, híhu ló máa hu. Èyí tó bá gbẹ dénú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Oòrùn oṣù Kejìlá là ń fi ṣe àmàlà lóṣù Kẹfà.

Ìgbà tí mo wọ inú iṣẹ́ físíìsì tán ni mo tó mọ̀ pé ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ sólà, ìyá mi àgbà ti débẹ̀. Gbígba oòrùn rọrùn. Kí a mọ iye tó wọlé, kí a sì tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí kò sí, níbẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Nídìí gbígbà á, àwọn onímọ̀ ti ṣe gudugudu méje. Ní 1839, Edmond Becquerel, ọmọ ọdún 19 ní ilẹ̀ Faransé, ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná mànàmáná jáde. Ó tó 1954 kí Daryl Chapin, Calvin Fuller àti Gerald Pearson ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà tó ṣe èyí tó wúlò. Sílíkọ́nì tó pọ̀ nínú yanrìn ni wọ́n lò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́nù inú rẹ̀ á tú kúrò ní ìdúró. Nítorí pé ìpele méjì tí wọ́n po pọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n lè gbà jáde, bí ẹnu ọjà tí wọn kò jẹ́ kí èèyàn gbà padà. Wáyà tí a bá fi pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló ń gbé iná. Nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bà á nígbà náà, nǹkan bí 6 ló ń di iná. Lónìí, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ti lé ní 20. Lẹ́yìn 1975, páànẹ́lì wọ́ọ̀tì kan ṣì ń gba ọ̀pọ̀ dọ́là. Nísinsìnyí, lẹ́nu ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, kò tó ìdajì dọ́là. Àwọn kan tún ti ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní perovskite lé orí sílíkọ́nì, ó sì ti ju 33 nínú 100 lọ ní yàrá ìwádìí. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọ̀rinrin àti ooru. Èmi kò ní sáré rà á sí Èkó.

Oòrùn àti ooru jọra lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n páànẹ́lì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Ooru ń bà á nínú jẹ́ ni. Fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ bá fi gbóná ju 25 lọ, nǹkan bí 0.3 sí 0.4 nínú 100 agbára rẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó bá kan páànẹ́lì pa mọ́ páànù òrùlé láìfi àyè afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ń jà lólè. Ẹ má sì fojú di òjìji. Ewé ìbẹ́pẹ kan tó bo igun páànẹ́lì lè dín iye tó ń jáde kù ju bí ewé náà ṣe tóbi lọ, nítorí wọ́n so àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn ni. Eruku ọyẹ́ náà ń ṣe tirẹ̀.

Ó wá ku ìtọ́jú. Níbí, ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe sólà sílé, páànẹ́lì tó dára ni mo rà, mo sì ra bátìrì olómi mẹ́rin. Òjé àti ásíìdì ló wà nínú irú bátìrì yẹn, Gaston Planté ló ti ṣe baba ńlá rẹ̀ láti 1859. Kò fẹ́ kí a máa lò ó kọjá ìdajì. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo so fíríìsà mọ́ ọn, mo ń fi í mọ́jú. Kò pé ọdún kan ààbọ̀ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Àwọn ará ilé mi ní sólà kò dára. Sólà ṣe kí ni?

Bátìrì lítíọ́mù ló tú ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà yẹn. Ní 2019, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífétì ṣe, tó wọ́pọ̀ nínú ilé báyìí, a lè lo èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lóru kí a sì tún kún un lọ́sàn-án ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó wọ́n lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ti ra olómi lẹ́ẹ̀mẹta.

Télọ̀ kan ládùúgbò mi bi mí bóyá páànẹ́lì kan tó òun. Mo ní ká jókòó. Gílóòbù mẹ́rin, wọ́ọ̀tì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí márùn-ún: wọ́ọ̀tì-wákàtí 200. Fáànù, wọ́ọ̀tì 60, wákàtí mẹ́jọ: 480. Ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́ọ̀tì 100, wákàtí mẹ́rin: 400. Àpapọ̀ rẹ̀, 1,080. Páànẹ́lì wọ́ọ̀tì 400, bí a bá ka oòrùn tó múná sí wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, 1,600. Ẹ yọ ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan fún ooru, eruku àti ohun tí ínfátà ń jẹ, ó ku 1,200. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá ní, “Prófẹ́sọ̀, áyọ́ọ̀nù ńkọ́?” Áyọ́ọ̀nù wọ́ọ̀tì 1,000, wákàtí kan péré: 1,000. Òun nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tó gbogbo ìyókù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì ju áyọ́ọ̀nù eléèédú òun nù. Mo tún kìlọ̀ fún un pé ìkùukùu oṣù Keje kò mọ ìṣirò oṣù Kejì.

Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́jọ ló ń fẹ́ yín níhìn-ín. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ wọ́ọ̀tì 1,200, wákàtí mẹ́ta á jẹ́ 28,800. Télọ̀ yẹn á fi ránṣọ fún ọjọ́ 26, á sì kù. Ìdí tí jẹnẹrétọ̀ fi ń ké nìyẹn.

Ọgbọ́n èlùbọ́ tún wà níbòmíràn. Àgbẹ̀ tó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga kò nílò bátìrì. Bí oòrùn bá ti mú, kó fa omi kún táǹkì, kó fi bu omi rin ẹ̀fọ́ nírọ̀lẹ́. Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tí oòrùn ń sọ omi inú rẹ̀ di yìnyín lọ́sàn-án; yìnyín yẹn ló ń mú abẹ́rẹ́ tutù di òwúrọ̀, láàárín ìwọ̀n Celsius 2 sí 8. Kò sí bátìrì tí ẹnikẹ́ni máa tú lọ fi wo tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn bátìrì mi tó kú ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan ti ọmọlanke dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní òun fẹ́ rà wọ́n. Mo bi í níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú wọn. Ó ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀gá òun ni. Mo bi í bóyá ọmọdé wà nínú ilé náà. Ó ní wọ́n pọ̀. Èéfín òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì ní oògùn tó ń dá a padà. N kò tà wọ́n fún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lẹ́yìn ilé mi báyìí, mo fi páànù bò wọ́n, mo ń wá ibi tí wọ́n ti lè gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.